Bí a ṣe ń fi owó kékeré mú ẹ́ńjìnnì bọ́gì GY6 150 lágbára sí i

Bọ́gì, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń ṣeré, wúwo ju sùkútà tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì GY6 yìí fún lọ. Ìdí bẹ́líìtì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe sàlẹ́ńsà aláriwo. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, ẹ tú variator (púlì iwájú tí bẹ́líìtì ń gbà, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀), ẹ yọ roller (àwọn ìwọ̀n kékeré róbótó) mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀. Ẹ fi èyí tó fi gíráàmù 1 tàbí 2 fúyẹ́ jù wọ́n lọ rọ́pò: bọ́gì á tètè gbéra, á sì gun òkè láìkérora. Bó bá fúyẹ́ jù, ariwo lásán lẹ máa gbọ́, eré ò ní pọ̀. Gírísì ò gbọdọ̀ kan ojú ibi tí bẹ́líìtì ń gbà. Ńṣe ni yóò máa yọ̀.

Bí ẹ bá tún pààrọ̀ fíltà sí èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i nìyẹn, epo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ fi jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá) tó tóbi díẹ̀ sí kabúrétọ̀, ẹ tẹ throttle (ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) dé ìsàlẹ̀ pátápátá fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójijì, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Bó bá funfun bí ẹfun, epo kéré, písítìnì lè jó lu. Bó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Àwọ̀ bisikíìtì là ń wá.