Bí mo ṣe la ọ̀rọ̀ SAT já nígbà tí mò ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹnìkan ló sọ fún mi pé àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà ò bèèrè SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ẹni tó fẹ́ wọlé, mọ́, pé látìgbà Kòrónà ni wọ́n ti pa á tì, èmi náà sì gbà á gbọ́ kíá torí ó bá mi lára mu. Kì í ṣe irọ́ o, ọ̀rọ̀ àná ni. MIT ti dá a padà láti 2022, nígbà tó sì di 2024, Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard náà tẹ̀ lé e. Oṣù kẹfà 2025 ni mo tó mọ̀, nígbà tí mo wá jókòó ti wẹ́bsáìtì iléèwé kọ̀ọ̀kan fúnra mi.

Mo mú ìwé kan, mo fa ìlà sí i, mo kọ orúkọ iléèwé sápá kan, ohun tí wọ́n ń bèèrè sápá kejì. Brown àti Harvard fẹ́ SAT tàbí ACT, ìdánwò mìíràn tó jọ ọ́. Yale ní dandan ni kó o mú ìdánwò kan wá, àmọ́ AP tàbí IB, ìyẹn àwọn ìdánwò tí àwọn kan ń ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì, lè rọ́pò SAT. Columbia ní tó bá wù ẹ́ kó o fi ránṣẹ́, tí ò bá wù ẹ́ kó o fi í sílé, test-optional nìyẹn. University of California wá yàtọ̀ pátápátá, kódà kó o gba 1600 pé, tí í ṣe máàkì tó ga jù nínú SAT, wọn ò ní fi ṣe ìdí láti mú ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìkan náà ni gbogbo ẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, rárá o.

Ìdánwò fúnra ẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 14, ìbéèrè 98. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn Math (ìṣirò) àti Reading and Writing (kíkà àti kíkọ), pín sí méjì, bó o bá sì ṣe ṣe èyí àkọ́kọ́ sí ni wọ́n fi ń yan èkejì fún ẹ. Tó o bá ṣe é báṣubàṣu, ìbéèrè tó rọrùn ló máa tẹ̀ lé e, inú ẹ á máa dùn, o ò mọ̀ pé ìyẹn ò lè gbé ẹ dé máàkì òkè mọ́. (Ẹ rí i pé orúkọ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ bá ti páálí ìdánimọ̀ yín mu, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún tèmi ṣe, oorun ò kùn mí.)

Ní August mo gba 760 nínú Math, 640 nínú Reading and Writing, àpapọ̀ 1400. Mo padà lọ ní October, Math já sí 730, èkejì gòkè sí 700. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló máa ń mú èyí tó ga jù nínú apá kọ̀ọ̀kan, superscore ni wọ́n ń pè é, torí náà 1460 ni wọ́n kà fún mi. Georgetown ò bá wọn ṣe ìyẹn kó o mú èyí tó dáa nìkan wá, gbogbo ìgbà tó o bá ti jókòó ni wọ́n fẹ́ rí, tibi tire.

Wọ́n máa ń fún èèyàn láǹfààní láti fi máàkì ránṣẹ́ sí iléèwé 4 lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ọjọ́ 9 lẹ́yìn ìdánwò ló máa parí, máàkì ò sì tíì jáde nígbà yẹn. Bí ìgbà tí afọ́jú ń ta ọfà ni. Mi ò lò ó. Púpọ̀ nínú wọn ló gbà kó o fọwọ́ ara ẹ tẹ máàkì sínú fọ́ọ̀mù, ìgbà tí wọ́n bá mú ẹ ni wọ́n tó máa bèèrè èyí tó ti ọwọ́ College Board, àwọn tó ni SAT, wá.

Ti Columbia ló gbà mí lákòókò jù. Fi ránṣẹ́ àbí má fi ránṣẹ́? Mo wá Common Data Set wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ máàkì àwọn tí wọ́n gbà wọlé, 1460 mi ò tó èyí tó wà nísàlẹ̀ pàápàá. Mo fi sílé.

Àbúrò mi ti ń tọrọ ìwé tí mo falà sí yẹn. Mo ní kó lọ fa tiẹ̀, torí Princeton tí mo kọ optional sí níwájú ti ní òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀ padà láti sáà ìgbaniwọlé 2027-28.