Bí mo ṣe ya ohùn méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra nínú synthesizer mi

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni synthesizer (ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn orin) tí mo fọwọ́ ara mi tò nílé wa ní Ìkòròdú fi dà mí láàmú. Oscillator méjì, ìyẹn apá tó ń dá ohùn, ló ní. Bí mo bá ti yí ohùn wọn súnmọ́ra, dípò kí ó máa mì, ìyẹn kó máa ròkè rodò, ṣe ni wọ́n á lẹ̀ di ohùn kan ṣoṣo.

Inú chip CD40106 (ègé ẹ̀rọ iná kékeré) kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Bí ọ̀kan bá yí (láti tan sí pa, tàbí láti pa sí tan), iná tí wọ́n jọ ń lò á fò díẹ̀, èkejì á sì bá a yí. Christiaan Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, ti rí irú rẹ̀ ní 1665 lára aago méjì tó jọ so kọ́ sára igi kan, tí mímì wọn wá bára mu. Ó wú mi lórí gan-an!

Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní chip tirẹ̀, mo fi resistor (èyí tó ń dín ìṣàn iná kù) 100 ohm sójú ọ̀nà iná rẹ̀, pẹ̀lú capacitor méjì (èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́), 100 µF àti 100 nF, lọ sí ground (ọ̀nà tí iná ń gbà padà). Ẹ jẹ́ kí 100 nF yẹn súnmọ́ ẹsẹ̀ chip pẹ́kípẹ́kí. Níbi tí mo kọ́kọ́ fi í sí jìnnà jù. Ìdí páwà, níbi tí iná ti ń wọlé, nìkan ni wáyà ground wọn ti pàdé.

Lálẹ́ àná, ohùn méjèèjì ń mì jẹ́jẹ́ bí omi ọ̀sà ní Ẹ̀búté. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n wá gbọ́.