Bí A Ṣe Ń Fi Àṣẹ́kù Búrẹ́dì Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ṣe Búrẹ́dì Ẹlẹ́yin Dídín

Búrẹ́dì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kì í sábà tán lọ́jọ́ tí a bá yan án, pàápàá nínú ilé tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta péré ń gbé. Nílé-Ifẹ̀, ooru kì í jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ́ kí ó tó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń fi í yan búrẹ́dì, yálà nínú ófùùnù tàbí nínú ìkòkò tí a da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì á ti le díẹ̀, adùn rẹ̀ á sì ti dín kù. Ọ̀nà tó dára jù láti jẹ ẹ́ ni kí a rẹ ẹ́ sínú ẹyin àti mílíìkì, kí a sì fi bọ́tà dín in, bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní French toast nílẹ̀ òkèèrè.

Ẹni tó bá rò pé bí òun ṣe ń ṣe ti búrẹ́dì Agége náà ni òun yóò ṣe ti ọlọ́gẹ̀dẹ̀, yóò rí i pé á ti fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ kí ó tó dé inú páànù. Yíìsì ni a fi ń ṣe búrẹ́dì Agége, a sì máa ń ti fúláwà pípò náà bọ inú ẹ̀rọ léraléra títí yóò fi máa fà, ìdí nìyí tó fi lè mu omi púpọ̀ láìjá. Ti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Sódà tí a fi ń yan kéèkì ló ń mú un wú, a kì í sì í pò ó pẹ́ rárá, nítorí náà kéèkì ni ní ti gidi. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kí a tó fi ẹyin kan kàn án, ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èyí tí a fi ọwọ́ dà sí i sì tètè máa ń jó. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ, a kò gbọdọ̀ rẹ ẹ́ pẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi iná ńlá dín in.

Fún ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí: búrẹ́dì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tí ẹ lè gé sí ọ̀nà 6, ẹyin 2, mílíìkì ìwọ̀n 120 mílílítà, iyọ̀ díẹ̀, sínámọ́ọ̀nù lílọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré, bọ́tà ṣíbí ìjẹun 1 àti òróró ṣíbí ìjẹun 1. Bó bá jẹ́ mílíìkì olómi inú agolo ni ẹ ní, ẹ lo 60 mílílítà rẹ̀, kí ẹ sì fi omi 60 mílílítà là á. Bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun ni, ṣíbí ìjẹun 2 tó kún dáadáa nínú omi 120 mílílítà ti tó. Ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu lè lo mílíìkì sóyà tàbí mílíìkì àgbọn tí kò ki jù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ṣúgà nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ, ẹ yẹ búrẹ́dì náà wò dáadáa. Èyí tó ti lo ọjọ́ kan tàbí méjì ló dára jù. Ní àsìkò òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ máa ń kún fún ọ̀rinrin, ó lè bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá bí a bá dì í mọ́ inú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná. Bí ẹ bá rí èbu funfun tàbí aláwọ̀ ewé lójú kan ṣoṣo, tàbí tí ó ń rùn bí ohun tó kan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn kan máa ń gé ibi tó bu kúrò, wọ́n á sì jẹ ìyókù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò èbu máa ń rìn jìnnà nínú nǹkan rírọ̀ kó tó hàn lójú.

Ọ̀bẹ búrẹ́dì tó léyín ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Bó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò já nígbà tí ẹ bá ń yí i. Bó bá sì nípọn jù, ìta rẹ̀ yóò ti dúdú kí ẹyin inú rẹ̀ tó jinná.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Bí ẹ bá ní àyè láti alẹ́ ọjọ́ kan di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tò ó sórí asẹ́ tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Èèrà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí kò sí ibi tí wọn kì í ti í gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì sínú agolo omi bó bá di dandan. Ní àsìkò ọyẹ́, wákàtí mélòó kan ti tó. Lásìkò òjò, kò ní gbẹ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sínú ófùùnù tó gbóná dé 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ẹ̀síọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan ní ìta ọgbà yunifásítì, tí gáàsì olójú kan nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè tò ó sínú páànù gbígbẹ tí kò sí òróró nínú rẹ̀, kí ó fi iná tó kéré jù yá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ìka pa á lójú tó ń dún hẹrẹhẹrẹ, ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀, ó ti tó.

Ẹ fọ́ ẹyin méjèèjì sínú àwo tó fẹ̀ tí kò jìn, ẹ da mílíìkì, iyọ̀ àti sínámọ́ọ̀nù sí i, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì lù ú títí tí ẹ kò fi ní rí okùn funfun ẹyin mọ́. Sínámọ́ọ̀nù máa ń léfòó, nítorí náà ẹ tún máa rò ó kí ẹ tó ki ọ̀nà búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́.

Ẹ gbé páànù kaná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ búrẹ́dì, nítorí búrẹ́dì tí a ti rẹ kò gbọdọ̀ dúró de iná. Iná náà kò gbọdọ̀ le: bó bá jẹ́ sítóòfù ni, ẹ rẹ òwú rẹ̀ sílẹ̀; bó bá jẹ́ èédú ni, ẹ tú ẹyin iná náà ká. Ẹ da ìdajì òróró àti ìdajì bọ́tà sí i. Bọ́tà ló ń mú adùn wá, ṣùgbọ́n mílíìkì tó wà nínú rẹ̀ tètè máa ń dúdú, ìdí nìyí tí a kì í fi í lo òun nìkan. Nígbà tí ìfófòó bọ́tà bá rọlẹ̀, ẹ kán ẹyin pípò díẹ̀ sí i; bó bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bó bá ta pàrà tó sì di àwọ̀ kọfí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ rẹ iná sílẹ̀.

Ẹ ki ọ̀nà kan bọ inú ẹyin, ẹ kà dé 15, ẹ fi ṣíbí pẹlẹbẹ yí i, ẹ tún kà dé 15, kí ẹ sì fi ṣíbí náà gbé e lọ sínú páànù. Ẹ má ṣe fi ìka mú un létí, torí ibẹ̀ ni yóò ti já. Ọ̀nà mẹ́ta ni páànù kan sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, láìtẹ̀ ẹ́, láìsún un káàkiri. Nígbà tí etí rẹ̀ kò bá dán fún omi mọ́, tí ó sì ń yọ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá mi páànù, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ dín ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Àwọn àmì dúdú wínníwínní tí ẹ máa rí lójú rẹ̀ kì í ṣe jíjó. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti wà nínú búrẹ́dì tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ fẹ́rẹ́: bó bá dìde padà, tí ẹyin tútù kò sì ṣẹ́ jáde, ó ti jinná. Bí ìta bá ti pọ́n nígbà tí inú ṣì tutù, ẹ dé páànù ní ọmọrí fún ìṣẹ́jú kan lórí iná kékeré.

Kí ẹ tó dín ọ̀nà mẹ́ta yòókù, ẹ fi bébà tàbí àkísà tó mọ́ nu páànù dáadáa. Èérún tó bọ́ sínú bọ́tà ti jó, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, ìkorò rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ gbogbo èyí tó ń bọ̀. Ẹ wá da ìyókù bọ́tà àti òróró sí i.

Gbígbóná ni a ń jẹ ẹ́. Oyin ìgàn díẹ̀ bá a lọ, ẹ̀pà sísun tí a gún fẹ́rẹ́ sì dára ju oyin lọ lójú tèmi, nítorí iyọ̀ ara rẹ̀ àti bó ṣe ń dún lẹ́nu máa ń dá adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró. Tíì tí kò ní ṣúgà ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e.

Àwọn tó bá fọ́ kò ṣòfò. Ẹ rún wọn sínú agolo tàbí ike mọ́ínmọ́ín tí ẹ ti fi bọ́tà pa nínú, ẹ da ẹyin pípò tó ṣẹ́kù lé wọn lórí, kí ẹ sì gbé e sórí omi híhó nínú ìkòkò tí a dé pa, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ọ̀bẹ tí ẹ kì bọ àárín rẹ̀ bá jáde ní mímọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó dà á sínú àwo.