Bí mo ṣe yan ẹja àti àwọn tó ń jẹ ewédò fún gíláàsì omi òkun mi àkọ́kọ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja odò nínú gíláàsì nílé wa ní London, ṣùgbọ́n ẹja òkun ni ọkàn mi ń fà sí. Nígbà tí mo wá ra gíláàsì tó ń gba omi lítà 180, ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀: ẹja wo ló lè bá ẹja wo gbé, àti kí ni yóò máa bá mi jẹ ewédò, ìyẹn ohun tútù tó máa ń mú kí òkúta odò yọ̀. Bí mo ṣe ń kà sí i ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Oúnjẹ tí ẹja jẹ kù àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń di nitrate àti phosphate nínú omi, àwọn yẹn gan-an sì ni ewédò ń jẹ. Ẹni tó bá kó ẹja rẹpẹtẹ sínú gíláàsì kékeré, ewédò ló gbìn yẹn. Mo pinnu pé ẹja márùn-ún ni mo máa sìn, kò sì ní sí èyí tó máa gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ tó bá dàgbà.

Omi ni mo kọ́kọ́ bójú tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi phosphate sí omi ẹ̀rọ kí òjé inú àwọn páìpù àtijọ́ má baà yọ́ sínú rẹ̀. Kò ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àsè ni fún ewédò. Mo ra ẹ̀rọ RO/DI tó ń sẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo wá po iyọ̀ òkun mọ́ omi náà títí refractometer, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, fi ka 1.025. Mo to òkúta, mo da iyanrìn, mo kán amóníà, ìyẹn májèlé tó máa ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá, sí i kí bakitéríà lè rí nǹkan jẹ, mo sì dúró. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbà tí amóníà àti nitrite di òdo nínú àyẹ̀wò ni mo tó jáde lọ wo ẹja.

Damselfish aláwọ̀ búlúù ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí nílé ìtajà, torí kò wọ́n, kì í sì í tètè kú. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n damselfish kì í fẹ́ aládùúgbò: tó bá ti gba kọ̀rọ̀ kan, ẹja tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní sinmi, ẹni tó bá sì fẹ́ mú un jáde, àfi kó tú gbogbo òkúta. Mo fi í sílẹ̀. Mo fi yellow tang náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ ewédò bá délẹ̀. Ewédò ni oúnjẹ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹja òkun Hawaii tó máa ń rìn káàkiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ̀wọ̀n ni gíláàsì mi máa jẹ́ fún un. Èyí tó dùn mí láti fi sílẹ̀ ni mandarin, torí n kò tíì rí ẹja tó lẹ́wà tó o. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú òkúta ló ń ṣa jẹ ní gbogbo ọjọ́, gíláàsì tuntun kò sì ní tó o jẹ.

Ìlànà mi ni pé ẹni jẹ́jẹ́ ló máa kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó lè jà ló máa kẹ́yìn. Banggai cardinal ló ṣáájú. Àwọn erékùṣù Banggai ní Indonesia ni ìlú rẹ̀, wọ́n sì ti kó o níbẹ̀ débi pé ó wà lára ẹja tó wà nínú ewu ìparun, nítorí náà èyí tí wọ́n bí sínú gíláàsì ni mo béèrè. Akọ rẹ̀ ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa, inú mi sì dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Tailspot blenny tẹ̀ lé e. Kò gùn ju ìka lọ, ó sì máa ń họ ewédò lára òkúta. Mo kọ lawnmower blenny tó tóbi jù ú lọ, torí ebi lè pa á nígbà tí ewédò bá tán. Lẹ́yìn wọn ni royal gramma láti òkun Caribbean, tí iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹyọ kan ni mo rà, torí méjì á máa bára wọn jà. Òun àti blenny ló fẹ́ràn ihò, ìdí nìyẹn tí mo fi to òkúta kí ihò lè pọ̀ ju ẹja lọ.

Clownfish méjì ló kẹ́yìn. Akọ ni gbogbo wọn nígbà èwe, èyí tó bá tóbi jù ló máa di abo. Mo ra ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ àti ọ̀kan kékeré, kí wọ́n má baà jìjà ipò. Wọn kò nílò anemone, ẹ̀dá òkun oníkà tí wọ́n máa ń sá pamọ́ sí nínú òkun, inú wọn sì dùn láìsí i.

Olúkúlùkù wọn kọ́kọ́ gbé inú gíláàsì àdádó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ la ti lè lo oògùn oní-bàbà tí àrùn àmì funfun bá yọ. Bàbà kò gbọ́dọ̀ dé gíláàsì ńlá láéláé, torí ó ń pa ìṣáwùrú, edé àti akàn.

Ewédò búráùn ló kọ́kọ́ yọ. Silicate ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, torí náà mo kàn ń nu gíláàsì ni. Ìgbà tí aláwọ̀ ewé dé ni mo ra ìṣáwùrú òkun. Ẹ má ṣe rà á ṣáájú, ebi á pa á, òkú rẹ̀ á sì di amóníà. Trochus ni mo yàn, torí tó bá já, ó lè yí ara rẹ̀ padà. Astraea sábà máa ń dojú délẹ̀ títí tí á fi kú. Mo fi nassarius díẹ̀ kún un, tí kì í jẹ ewédò, àmọ́ tó ń wú iyanrìn, tó sì ń jẹ oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀. N kò ra hermit crab, akàn tó ń gbé inú ìkarahun ẹlòmíràn, torí ó máa ń pa ìṣáwùrú kó lè gba ìkarahun rẹ̀.

Síbẹ̀, ọwọ́ mi ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Iná ń tàn fún wákàtí 8 lójúmọ́. Mo máa ń ṣan oúnjẹ tó ti dì nínú asẹ́ kí n tó fún wọn, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kíákíá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi. N kò sì lé nitrate àti phosphate dé òdo, torí tí méjèèjì bá tán pátápátá, dinoflagellate, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó máa ń bo òkúta bí ikun, lè gbalẹ̀, ìyẹn sì burú ju ewédò lọ.

Ní báyìí, ewédò ti dín kù débi pé oúnjẹ àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló kù láti bójú tó. Nori, ewédò gbígbẹ tí àwọn ará Japan fi ń wé ìrẹsì, ni mo ń so mọ́ ara gíláàsì ní alẹ́, èyí tí kò níyọ̀ tí kò sì lépo, mo sì máa ń yọ èyí tó bá ṣẹ́ kù láàárọ̀.