Bí Mo Ṣe Gba PMP Pẹ̀lú Ìwé-Ẹ̀rí WAEC

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ìdí bíríkìlà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo di fóòmánù, kí ọ̀gá mi, tó jẹ́ ẹnjiníà, tó wá ń fi odindi sáìtì lé mi lọ́wọ́. WAEC ni mo ní, mi ò dé yunifásítì. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ létí mi ni pé ẹni tí ò ní dìgírì ò lè fojú kan PMP, ìwé-ẹ̀rí tí àjọ Project Management Institute (PMI) ti Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó ń darí iṣẹ́. Irọ́ ni.

Ní 2023 tí mo kọ fọ́ọ̀mù tèmi, ẹni tó ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36. Ẹni tó jẹ́ pé WAEC ló ní, oṣù 60. Láàárín ọdún 8 tó kọjá ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ẹ̀kọ́ oníwákàtí 35 kan náà ni gbogbo wa ń gbà, ìdánwò kan náà la sì ń ṣe. Oṣù 24 péré ni dìgírì bá èèyàn dín kù. Àbúrò mi kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà jáde, kò tíì lè fi orúkọ sílẹ̀, torí wọn ò tíì fi í ṣe olórí iṣẹ́ kankan.

Fọ́ọ̀mù yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ máa ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n fẹ́ kọ́, kí ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe níbẹ̀, báwo ló ṣe parí. Bí sáìtì méjì bá ń lọ lóṣù kan náà, oṣù kan ni wọ́n máa kà. Ìwé tí mo fi ń kọ owó lébìrà àti àpọ̀ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ló bá mi rí gbogbo déètì.

Ọ̀kan nínú ohun tí mo kọ ni ilé-ìwé alájà kan tí sìmẹ́ǹtì ti gbówó lórí nígbà tó kù díẹ̀ ká da dẹ́kìn. Mo kọ ọ́ pé mo tún ìnáwó ṣírò, mo gbé e lọ bá ẹni tó ni ilé-ìwé, a sún fẹ́ǹsì sẹ́yìn, ó fọwọ́ sí i, a sì da dẹ́kìn kí òjò tó wọlé dé. Bí a ṣe po kọnkéré ò kan PMI.

Wọ́n máa ń ṣa àwọn kan láti yẹ fọ́ọ̀mù wọn wò. Wọ́n ṣà mí. Mo pe ọ̀gá mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà. PMI máa kọ í-meèlì sí yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́rìí sí i."

"Wọn ò bèèrè dìgírì lọ́wọ́ ẹ?"

"WAEC mi ni wọ́n bèèrè, sà."

"Fi ohun tó o kọ ránṣẹ́, kí n kọ́kọ́ kà á."

Ó kà á, ó sì jẹ́rìí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìdánwò náà ní ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú 230 ni wọ́n fún wa. Níbẹ̀, ìrírí lè tan èèyàn jẹ. Bí onílé bá dé sáìtì tó ní ká fi yàrá kan kún un, búlọ́ọ̀kù la máa ń tò. Owó ló ń sọ̀rọ̀. Ìdáhùn tiwọn ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó máa ṣe sí owó àti àkókò, kí ẹ tó gbé e gba ọ̀nà tí wọ́n fi ń yí iṣẹ́ padà. Nǹkan bí ìdajì ìbéèrè ló sì dá lórí agile, ìyẹn kéèyàn máa ṣe iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, kó máa tún ètò ṣe bó ṣe ń lọ, àti àdàlù rẹ̀ mọ́ ọ̀nà míì. Ọ̀nà àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ni. Kò sí irú ẹ̀ ní sáìtì wa, nítorí náà ibẹ̀ ni mo jókòó tì jù.

Èsì ti yọ lójú kọ̀ǹpútà kí n tó dìde. Láàárín ọdún 3, mo gbọ́dọ̀ kó PDU 60 jọ, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fún èèyàn fún ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí, kí ìwé-ẹ̀rí náà má bàa kú. Kíkọ́ ẹlòmíì náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Àbúrò mi ni mò ń kọ́ báyìí. Ọ̀gá mi ti fi sáìtì kékeré kan lé e lọ́wọ́ ní Mọníyà, kí oṣù tiẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀.