Bí mo ṣe fi Yorùbá ṣàlàyé Yunifásítì Ìbàdàn fún àwọn òbí

Alága ẹgbẹ́ òbí níléèwé tí ọmọ mi ń lọ ló bẹ̀ mí níṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú nípa Yunifásítì Ìbàdàn: kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀, kí ni wọ́n ń kọ́ni, ibo ni wọ́n sì fẹ́ bá a dé láàárín àwọn yunifásítì ayé. Mo ní kò burú. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ìwé kíkọ náà ni mo fi ń jẹun. Mo ti yí pa dà tí mo fẹ́ máa lọ kí wọ́n tó fi kún un pé, "Àmọ́ Yorùbá ni o, Bùrọ̀dá. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ òyìnbó."

Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà mí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ronú lákọ̀ọ́kọ́, tí mo wá ń tú u. "Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ta yọ nínú ìmọ̀ àti ìwádìí, tó sì ní àfojúsùn láti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lágbàáyé." Ojú ìwé mẹ́ta irú rẹ̀ ni mo kọ, ó sì ń dùn lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ bá ìyá tó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé wa, torí ọmọ-ọmọ wọn wà ní kíláàsì yẹn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi gbọ́ ọ. Wọn ò dáwọ́ dúró lẹ́nu èlùbọ́ tí wọ́n ń wọ̀n. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ o ò tíì sọ nǹkan kan."

Mo ní báwo, Màmá?

"Gbogbo èyí tó o kà yẹn, tó o bá yọ Ìbàdàn kúrò, tó o fi orúkọ ibòmíì sí i, ṣé kò ní bá a mu?"

Mo délé, mo dán an wò. Mo fi orúkọ yunifásítì mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bá a mu régí. Mo ya ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣòfin fún ara mi pé gbólóhùn tó bá lè bá yunifásítì mìíràn mu kò gbọdọ̀ wọnú ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ tó wá fún mi ní wàhálà jù ni "ìwádìí". Ìyá elélùbọ́ ti bi mí léèrè pé, "Ìwádìí bí ti ọlọ́pàá?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Lọ́dọ̀ tiwa, olè tó jà, ìdílé tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ fún, ìwọ̀nyẹn là ń ṣèwádìí lé lórí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ pé yunifásítì kan wà tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kì í kọ́ni nìkan, pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa wá ohun tí kò tíì sí nínú ìwé kankan, kí wọ́n sì gbé e síta kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílùú mìíràn tú u wò bóyá ó dúró? Bí mo bá sọ ọ́ báyìí fún ogún ìṣẹ́jú, oorun ni wọ́n máa sùn. Ohun tó wà nínú ilé wọn ni mo nílò.

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ fojú ara mi rí ọgbà náà. Mo sọ̀ lẹ́nu géètì tó kọjú sí Agbowó, mo fẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé iwájú ilé ìkàwé Kenneth Dike. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mi ò fìgbà kan wo ara ilé yẹn. Oorun ọ̀sán ni mo sábà máa ń lọ sùn níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró wò ó. Ojú ìta rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Tọkọtaya ará Ìlú Ọba kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ nínú ọgbà náà, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín ilé kọjá, kí oòrùn má sì ráyè rọ́ wọlé tààrà. Mo kọ "asẹ́" sínú ìwé mi. Mo mọ ẹni tí yóò yé.

Ti ìtàn, mo pinnu pé kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ní 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló bẹ̀rẹ̀, Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n sì kọ́kọ́ wà, nínú ilé ìwòsàn tí àwọn ológun fi sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà jáde títí di 1962 tó di yunifásítì tó dá dúró. Nítorí pé ìyá ló máa pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, mo fi Felicia Adétòwun Ògúnṣẹ̀yẹ kún un: Ìbàdàn ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1973, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní Nàìjíríà. Mo fo àwọn gbajúmọ̀ tó kù. Kí wọ́n má bínú.

Iṣẹ́ ìwádìí àkọ́kọ́ tí mo yàn ni ti gàrí. Láàárín àwọn ọdún 1960, Benjamin Ọ̀ṣuntókun, dókítà àrùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, ń rí àwọn aláìsàn kan tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọn ò lè rìn gún mọ́, bí ẹni tó mu ẹmu yó, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí etí òmíràn sì ń di. Kò jókòó sí ọsibítù máa retí wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́ lọ wo ohun tó wà nínú abọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀gẹ́ ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àbá wọn ni pé májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́, tí wọn ò bá ṣe é dáadáa tó, ló ń jẹ iṣan wọn díẹ̀díẹ̀.

Mo lọ ka ìyẹn fún ìyá elélùbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé kóńgò sílẹ̀. Wọ́n ní, "Òun ni wọ́n ṣe ń di ẹ̀gẹ́ sápò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń kánjú dín in yẹn, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Mo wá fi kún un pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùwádìí mìíràn tún lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó tó pé sáyánáìdì ló fà á. "Ṣé wọ́n wá ń bá ara wọn jiyàn ni?" Mo ní iyàn yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn, Màmá. Wọ́n mi orí. Bí mo ṣe rí ìtumọ̀ "ìwádìí" nìyẹn, láìsí ìwé atúmọ̀ èdè.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti Ìdíkàn, àdúgbò kan nínú ìlú Ìbàdàn. Ní 1992, àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè. Ìdíkàn ni wọ́n ti ń ká wọn mọ́lé níbí. Lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn dúdú ìlú Indianapolis ni. Ohun tí wọ́n ń wá ni àrùn tí àwa ń pè ní ṣíṣarán. Ẹ wò ó, èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n fi mọ̀. Wọ́n ní láti bi àgbàlagbà náà ní ìbéèrè, kí wọ́n sì tún bi ẹni tó ń bá a gbélé: ṣé ó ń gbàgbé nǹkan, ṣé ó ṣì ń dá ṣe èyí tó ń dá ṣe tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kàwé ní Amẹ́ríkà ò lè bá bàbá tí kò wọ iléèwé rí mu ní Ìdíkàn. Wọ́n ní láti tú u sí Yorùbá, kí wọ́n sì tún un ṣe títí yóò fi bá ìgbésí ayé ibẹ̀ lọ.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tẹ̀ lé 2,459 ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis, àwọn tí kò tíì ní àrùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọdún kan, àìsàn Alzheimer, ìyẹn irú ṣíṣarán kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó mú 2.52 lọ́hùn-ún. Mo ṣírò rẹ̀ fún àwọn òbí báyìí: ẹ kó ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà jọ, láàárín ọdún kan, ẹni bíi méjìlá ni níbí, lọ́hùn-ún ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí ló fà á? Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn. Àmọ́ mo rò pé èrè tó pọ̀ jù fún tiwa ni pé ẹnì kan jókòó ti ìyá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ni. Ẹ mọ orúkọ tí àdúgbò sábà máa ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Mo fi ti rọpárọsẹ̀ tì í lẹ́yìn ní ṣókí. Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana fi 2,118 èèyàn tí rọpárọsẹ̀ mú wé iye kan náà tí kò mú, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti jinná wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù wà níbẹ̀, ẹran àjẹjù náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á kígbe níbi ẹran.

Ti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, mi ò ka orúkọ ẹ̀ka kankan tẹ̀ lé ara wọn. Ìwé JAMB wà fún ìyẹn. Mo kàn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣègùn èèyàn dé ìṣègùn ẹranko, láti iṣẹ́ àgbẹ̀ dé òfin, àti pé èèyàn lè kọ́ Yorùbá níbẹ̀ títí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ibẹ̀ ni Ayọ̀ Bámgbóṣé wà nígbà tó kọ ìwé gírámà Yorùbá tó jáde ní 1966.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni "àgbáyé" jẹ́ lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí: ṣé ọmọ mi á lè ti ibẹ̀ lọ sókè òkun? Mi ò lè yẹra fún un, nítorí náà mo mú Fúnmiláyọ̀ Olópàdé jáde. Ó kàwé dókítà jáde ní Ìbàdàn ní 1980, ó di gbajúmọ̀ nínú ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú ní Chicago, òun àti àwọn dókítà Ìbàdàn sì ń jọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó parí síbẹ̀, bí ẹni pé pápákọ̀ òfúrufú ni yunifásítì. Ní 2015, yunifásítì 16 ní Áfíríkà para pọ̀ ní Dakar, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó wà nínú wọn, láti máa ṣe ìwádìí pọ̀ kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọn nílé níbí. Ẹ̀ka kan lára yunifásítì tí AU, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, dá sílẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà sì wà nínú ọgbà Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá kàwé gba oyè níbẹ̀. Òkè òkun tiwọn ni Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, jẹnẹrétọ̀ kú ní ìṣẹ́jú kẹrin. Kò sí màíìkì mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, mo dúró sáàárín àga wọn, mo ń pariwo. Níbi tí mo ti ní ara ilé ìkàwé dà bí asẹ́, ẹnì kan ní, "Asẹ́ ògì àbí ti èlùbọ́?" Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti rẹ́rìn-ín, ara sì tù mí. Ní ti gàrí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí iye ọjọ́, Ìjẹ̀bú ní ibì kan, Ọ̀yọ́ ní ibì kejì. Ogún ìṣẹ́jú di ogójì.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè, bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ dìde lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ Ìdíkàn yẹn, kí ni kó kọ sínú JAMB?" Mo ní ó lè jẹ́ ìṣègùn, ó lè jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ìmọ̀ ìṣirò, torí ẹnì kan ló ka gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Mo ronú díẹ̀, mo wá ní ó tiẹ̀ lè jẹ́ Yorùbá, nítorí pé ẹnì kan ló tú àwọn ìbéèrè yẹn kí bàbá Ìdíkàn tó lè dáhùn.

Ìyá elélùbọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ọmọ-ọmọ wọn. "Kọ ìyẹn sílẹ̀."