Bí a ṣe ń kọ ìròyìn abà àgbẹ̀ tí ayé kò mọ̀, láti ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn dé ilẹ̀ Bugis

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ojú ìwé méjì nípa abà ìyá mi, tó wà ní ìhà Olúyọ̀lé lẹ́yìn Ìdí-Ayùnrẹ́, mo sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà abà náà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti kọ orúkọ ẹni tó tẹ abà náà dó, mo ti kọ orúkọ àwọn Baálẹ̀ tó jẹ tẹ̀ léra, mo sì ti kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ni wọ́n. Nígbà tí mo kà á tán, ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, odò wa ńkọ́?" N kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa odò, bẹ́ẹ̀ sì ni odò yẹn gan-an ló mú kí ẹnikẹ́ni dó síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú un ní òfin fún ara mi pé omi ni n ó kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn, kí ọ̀rọ̀ oyè àti ti ìjọba tó dé.

Abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Bugis, ní gúúsù erékùṣù Sulawesi lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Kòkó ló fà á tí mo fi mú un. Àwọn ọmọ Bugis tó lọ ṣiṣẹ́ oko ní Sabah, ní Màléṣíà, ni wọ́n gbé irúgbìn kòkó bọ̀ wálé ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti nínú àwọn ọdún 1980, kò sì pẹ́ tí Sulawesi fi di ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní gbogbo Indonéṣíà. Àwa tí a dàgbà sí ìlú tí Ilé Kòkó ti ń yọrí láàárín ọjà láti ọdún 1965, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó orílẹ̀-èdè yìí sì wà ní ẹ̀yìnkùlé wa láti ọdún 1964, a mọ ohun tí irúgbìn kan ṣoṣo lè sọ abà dà. Ẹni tó bá lè kọ ìròyìn abà Ìbàdàn dáadáa ti ní ìdajì ohun tí yóò fi kọ ti Bugis, bí ó bá lè ṣọ́ra kí ó má fi ojú ilé wo òde.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun, ẹ wá ipò abúlé náà nínú ètò ìjọba, ṣùgbọ́n kí ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ní Indonéṣíà, ìpínlẹ̀ ńlá pín sí kabupaten, kabupaten pín sí kecamatan, kecamatan pín sí desa, inú desa ni dusun wà, dusun yìí ló sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní abà. Desa ní olórí tí àwọn ará ibẹ̀ ń dìbò yàn, òfin ọdún 2014 sì fún un ní owó tirẹ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n dusun kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sì sábà hàn nínú ìwé. Ìdí nìyí tí abúlé kan fi lè ní ilé púpọ̀ àti mọ́ṣáláṣí, kí ẹnì kan má sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó yí ìgboro Ìbàdàn ká, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, abà tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára pátákó ojú ọ̀nà lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe olórí desa ní Baálẹ̀. Ìdílé ni Baálẹ̀ ti ń wá, okùn rẹ̀ sì so mọ́ àgbo ilé àti mọ́gàjí ní ìgboro, nígbà tó jẹ́ pé ìbò ló gbé olórí desa wọlé, ìbò náà ló sì lè gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a bá ṣì lò níbi yìí yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà títí dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Òkè ńlá gba àárín ilẹ̀ Bugis kọjá láti àríwá sí gúúsù, òkè yìí ló sì pín òjò. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, bíi Pinrang, Barru àti Pangkep, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni òjò máa ń le jù, ṣùgbọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Bone àti Wajo, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "àsìkò òjò ní ilẹ̀ Bugis ni oṣù báyìí" ti parọ́ mọ́ ìdajì àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láìmọ̀, nítorí nígbà tí ẹnì kan ń sá ìrẹsì, ọmọ ìyá rẹ̀ ní òdì kejì òkè lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tulẹ̀. Nílé níbí, a mọ àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò, a sì mọ ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ tó wà láàárín wọn, nítorí náà kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti béèrè irú ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ béèrè bóyá òjò nìkan ni oko ìrẹsì wọn gbẹ́kẹ̀ lé tàbí odò tí wọ́n la wọlé, nítorí oko olójò kì í sábà so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí èyí tó ní omi odò lè so lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣí omi àti ẹni tí omi ń kọ́kọ́ dé oko rẹ̀. Bí abúlé náà bá wà létí adágún Tempe ní Wajo, ẹ óò rí nǹkan tó jọ akúrò tiwa: omi adágún náà máa ń kún bo ilẹ̀ nígbà òjò, bí ó bá sì ti fà sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ á gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é yà sórí máàpù kan ṣoṣo, ẹ ní láti sọ oṣù tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ omi, ẹ wá ẹni tó ń dá ọjọ́ ìgbìn. Ohun tó dára jù lọ nínú ayé àgbẹ̀ Bugis, lójú tèmi, ni èyí tí wọ́n ń pè ní tudang sipulung, tó túmọ̀ sí ìjókòó pọ̀. Kí wọ́n tó fi irúgbìn kan sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbà, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àti olórí ìjọba á jókòó sójú kan. Àwọn àgbà tó mọ pananrang, ìyẹn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ nípa ọjọ́, ìràwọ̀ àti àmì ojú ọjọ́, á sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ojú ọjọ́ náà á sọ tiwọn, ìpàdé náà á sì fẹnu kò lórí ọjọ́ tí wọn yóò gbin ìrẹsì, irú èyí tí wọn yóò gbìn, àti ọjọ́ tí omi yóò wọ oko. Bí ẹ bá láǹfààní láti jókòó síbẹ̀, ẹ kọ ìjókòó náà bí ó ṣe lọ gan-an: ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó ta kò ó, ohun tó yí ọkàn wọn padà. Bí ẹ kò bá sì láǹfààní rẹ̀, ẹ bi àgbẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé ta ló dá ọjọ́ ìgbìn ọdún yìí, kí ẹ fi èsì wọn wé ara wọn.

Ẹ má ṣe yá ayẹyẹ ibòmíràn wọ abúlé tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀. Mappalili, níbi tí àwọn bissu, ìyẹn àwọn àlùfáà ìbílẹ̀ Bugis, ti ń jí ohun ìtulẹ̀ mímọ́ tí wọ́n á sì gbé e yíká kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀, gbajúmọ̀ ní Segeri, ní ìhà Pangkep. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn ará abúlé yín kò bá ń ṣe é, kò ní ààyè nínú ìròyìn wọn. Mappadendang wọ́pọ̀ jù ú lọ: lẹ́yìn ìkórè, àwọn obìnrin á dúró yí odó onígi gígùn kan ká, odó tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sì máa fi ọmọ odó lù ú títí tí ìró rẹ̀ á fi di orin. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ kọ ọ́.

Ilé wọn yẹ fún ìpínrọ̀ tirẹ̀. Bola ni ilé ní èdè Bugis, orí òpó ni wọ́n sì ń kọ́ ọ sí. Ipele mẹ́ta ló ní. Rakkeang wà lókè, ó dà bí àjà tí àwọn ìyá wa máa ń tọ́jú àgbàdo sí lókè àdògán, ìrẹsì tí wọ́n kórè ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Àárín ni wọ́n ń gbé, ìsàlẹ̀ láàárín àwọn òpó sì ni wọ́n ń kó irinṣẹ́ oko sí, tí wọ́n tún ń so ẹran mọ́, lóde òní ọ̀kadà ló pọ̀ níbẹ̀. Òpó kan wà tí wọ́n ń pè ní posi bola, ìdodo ilé, òun ni wọ́n kà sí pàtàkì jù. Bí ẹ bá ń wo ilé, ẹ wo iwájú òrùlé náà, nítorí iye ìpele tó wà níbẹ̀ ń sọ ipò onílé láàárín ìlú. Bí ìdílé kan bá sì fẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ kan, àwọn ọkùnrin abúlé lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n ki èjìká bọ abẹ́ ilé náà, kí wọ́n gbé e lódindi lọ sí ibùdó tuntun. Àwa náà ń bẹ ọ̀wẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ yóò jẹun. Nítorí náà, ẹ béèrè ẹni tó se oúnjẹ ọjọ́ náà àti ohun tó sè, nítorí níbẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń wọ inú ìròyìn tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti gbàgbé wọn sí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ni kí ẹ béèrè kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ yín dáadáa. Ní ilẹ̀ Bugis, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n sì ń pín ìkórè pẹ̀lú rẹ̀, teseng ni wọ́n ń pe ètò náà. Ó jọ ìṣákọ́lẹ̀ tiwa létí, àmọ́ kì í ṣe òun. Ìṣákọ́lẹ̀ ń fi hàn pé àgbẹ̀ mọ ẹni tó ni ilẹ̀, nígbà tí teseng jẹ́ pípín irè oko gan-an. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in, ta ló ra irúgbìn, ta ló ra ajílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí onílẹ̀ àti alároko dáhùn níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Iye ènìyàn máa ń tan òǹkọ̀wé jẹ. Ìwé ìṣirò tí ilé iṣẹ́ ìṣirò Indonéṣíà ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún fún kecamatan kọ̀ọ̀kan wúlò gan-an, ẹ sì lè rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Bugis jẹ́ ẹ̀yà tó ń rìnrìn àjò, wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún ẹni tó bá ti ṣíkọ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́, passompe'. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ kọ́ ilé sí abúlé lè wà ní Màléṣíà. Abà Ìbàdàn náà ń ṣófo ní ọjọ́ iṣẹ́, ó sì ń kún nígbà Iléyá. Nítorí náà, ẹ ka àwọn tó ń sùn síbẹ̀ ní àkókò ìkórè, ẹ tún ka àwọn tó ń wálé ọdún, kí ẹ sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìwà ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí a ti ń ké "àgò" kí a tó wọ àgbàlá onílé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Bugis ń sọ pé tabe' bí ó bá fẹ́ kọjá níwájú àgbà, á tẹ̀ba díẹ̀, á sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó gbéra. Ẹ má ṣe yọ fóònù ya ẹnikẹ́ni kí ẹ tó tọrọ àyè. Ẹni tó bá sì ń ti Ìbàdàn kọ̀wé, tó ń fi ògbufọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn rẹ̀, kí ó má ṣe kọ̀wé bí ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ẹ lo ojú àti etí yín lórí ohun kékeré. Ní abà ìyá mi, bàbá kan ń da kòkó tó ń sá sórí ẹní, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó mì ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ní, "Ó ku ọjọ́ kan." Gbólóhùn yẹn sọ ohun tó pọ̀ nípa iṣẹ́ wọn ju ìpínrọ̀ mi lórí iye àpò kòkó lọ. Àgbẹ̀ Sulawesi tó ń sá kòkó níwájú ilé rẹ̀ náà ní ọ̀nà tó ń gbà mọ̀ pé ó ti gbẹ. Ẹ bi í, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e padà lọ kà fún àwọn tó ni ín, kí ẹ sì mú gègé dání. Nígbà tí mo padà lọ ka èyí tí mo tún kọ, ìyá àgbà náà dá mi dúró lórí gbólóhùn kejì, ó ní ibi tí mo ní odò náà ti ń ṣàn wá kọ́ ló ti ń wá. Ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ mú mi lọ wo orísun rẹ̀, a sì rìn débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tún gbólóhùn náà kọ létí omi, kí n tó padà wá ka ìyókù fún wọn.